Láptọ́ọ̀pù yín ló ń jẹ dátà, ẹ̀yin ará Àbújá

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń fi hotspot fóònù, ìyẹn dátà fóònù tí ẹ ń pín bíi Wi-Fi, ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, bí ẹ bá fẹ́, ẹ bú mi, mo máa sọ ọ́. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i lóṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, kò sí ibi tí mi ò ti gbọ́ "wọ́n ti jí dátà mi", láti Kubwa títí dé Nyanya. Owó dátà ń dunni, mo gbà. Àmọ́ bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ yìí, láptọ́ọ̀pù ni mo máa kọ́kọ́ mú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Lójú láptọ́ọ̀pù, Wi-Fi ni Wi-Fi. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í mọ̀ pé fóònù kékeré kan tí wọ́n ra gíìgì díẹ̀ sí lòun ń fà. Ní Windows bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa update wálẹ̀, OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń kó fọ́tò lọ sókè, fídíò tí ì bá ṣí wẹ́wẹ́ lórí fóònù wá ń ṣí kedere nítorí pé ojú láptọ́ọ̀pù tóbi. Ẹ̀yin jókòó ní tiyín, ẹ rò pé lẹ́tà kan péré lẹ ń tẹ̀.

Ẹ wọ Settings lórí Windows, ẹ lọ síbi Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ hotspot yín, kí ẹ tan "Metered connection", ìyẹn ni pé kí láptọ́ọ̀pù mọ̀ pé dátà tó níye ló ń lò. Ó parí. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ yẹn á dẹwọ́. Àwọn tó ń lo Mac tuntun, "Low Data Mode" ni tiyín.

Èyí tí mo sì fẹ́ràn jù ni wáyà. USB tethering, ìyẹn ká fi wáyà USB so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù kó lè lo dátà rẹ̀! Mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sá fún un. Nínú ooru oṣù kẹta ní Àbújá, fóònù tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó tún ń pín Wi-Fi, tí wọ́n tún ki ṣájà bọ̀, gbígbóná ló máa gbóná, ooru kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ bátìrì. Bí ẹ bá lo wáyà, fóònù ò ní láti pín Wi-Fi kankan, ọmọ aládùúgbò ò sì lè bá yín jẹ níbẹ̀. Ẹ ṣáà rí i pé wáyà tó ń gbé dátà ni, torí àwọn kan wà tí kò mọ̀ ju ká fi gba iná lọ. Ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó kúrò ní Banex, níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan fóònù. Àléébù rẹ̀ ni pé bí NEPA bá mú iná, bátìrì láptọ́ọ̀pù ni fóònù á máa fà mu.

Ibì kan wà tí Wi-Fi ti borí wáyà. Bó bá jẹ́ ojú fèrèsé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé nínú ilé yín ní Lugbe, ẹ gbé fóònù síbẹ̀, kí ẹ jókòó sí yàrá pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Níbi ètò hotspot lórí fóònù, ẹ yan ìgbì Wi-Fi 2.4 GHz, torí 5 GHz yára o, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń dà á láàmú.

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ máa ń wá sí ọ́fíìsì pé "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan hotspot, méèlì kan ni": ẹ fi metered sí i kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹni tó bá ṣì ní wọ́n ń ja òun lólè, kó lọ wo "Data usage" lórí fóònù rẹ̀, kó wo iye tí hotspot jẹ. Bí àpapọ̀ gbogbo dátà tó wà níbẹ̀, ti hotspot àti ti fóònù fúnra rẹ̀, bá kéré sí ohun tí wọ́n yọ lọ́wọ́ yín, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ yín. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622. Ọjọ́ yẹn, èmi náà á bá yín pariwo.