Òwú kọ́, irun ni

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, a parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n ní ká tò fún fọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ ara wa rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Ẹni tó fẹ́ yà wá ti gbé kámẹ́rà sójú, kálukú ti tún aṣọ ṣe, ni obìnrin tó jókòó tì mí bá nawọ́ sí mi lágbọ̀n. Ó ní, "Ẹ dúró ná mà, òwú kan lẹ̀ mọ́ yín níbí." Ó fi ìka méjì mú un, ó fà á. Kò já. Ó tún fà á, lọ́tẹ̀ yìí awọ àgbọ̀n mi tẹ̀lé ọwọ́ ẹ̀. Ó wá sún mọ́ mi, ó wò ó fínnífínní, ó ní, "Háà! Irun mà ni!"

Ohùn ẹ̀ ò lọ sílẹ̀ rárá. Àwọn tó wà níwájú yíjú padà. Ọkùnrin kan tí a ti jọ ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ láti àárọ̀ kọ́kọ́ wo àgbọ̀n mi, lẹ́yìn náà ló wá wo ojú mi, ó sì tètè gbójú kúrò. Wọ́n ya fọ́tò náà. Ó ti wà lórí WhatsApp wa báyìí: gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi fọwọ́ gbá àgbọ̀n mú bí ẹni tó ń ronú.

Àwọn kan á ní kò mọ̀ọ́mọ̀. Mo gbà. Àmọ́ lẹ́yìn tó ti rí i pé irun ni, ta ló ń kéde ẹ̀ fún? Nígbà tí a tú ká, ó tún wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n má bínú, òun kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni, pé tó bá jẹ́ òun, òun á fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún òun.

Kí n mọ̀ kẹ̀? Ó ti pé ọdún 18 tí mo ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ìka mi ló máa ń kọ́kọ́ rí i kí ojú mi tó rí i. Kí n tó dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, ọwọ́ mi ti lọ síbẹ̀, ó ti ń rìn láti abẹ́ etí ọ̀tún títí dé abẹ́ etí òsì. Mo mọ èyí tó nípọn jù nínú wọn. Apá òsì ló wà, lábẹ́ egungun àgbọ̀n, tí mo bá fá a lówùúrọ̀, á ti máa gún mi lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo mọ̀ pé dígí ilé ìwẹ̀ máa ń bo nǹkan mọ́ra. Dígí inú ọkọ̀ ni kì í bo nǹkan, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn máa ń gbà wọlé. Tí mo bá fẹ́ bá èèyàn jókòó, ibi tí n ó ti kẹ̀yìn sí fèrèsé ni mo máa ń wá, kí ìmọ́lẹ̀ má baà bọ́ sí mi lójú. Tí ojú ẹni tí a jọ ń sọ̀rọ̀ bá fi lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú tèmi, mi ò gbọ́ ohun tó kù tó ń sọ mọ́. Ẹni tó ń gbé ayé báyìí ni wọ́n ń fẹ́ "kó mọ̀."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn nìkan kọ́ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó rán mi létí gbogbo àwọn tó ti ń gbà mí nímọ̀ràn láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún 19. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rẹ́ mi nílé ìwé, ẹni tó ń bá mi ṣe irun orí, gbólóhùn kan náà ni: "Má fi abẹ kàn án o! Tó o bá fá a pẹ́nrẹ́n, á le, á pọ̀, á di tọkùnrin." Mo gbà wọ́n gbọ́. Ọdún 11 gbáko ni mi ò fi abẹ kàn án. Títu ni mo ń tu ú, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀mú kékeré tí a fi ń tu irun ìpéǹpéjú. Mo ní ọ̀kan nínú báàgì, ọ̀kan lábẹ́ ìrọ̀rí, ọ̀kan níbi iṣẹ́.

Irun tí a bá ń tu lemọ́lemọ́ kì í fìgbà gbogbo rántí ọ̀nà tó gbà jáde. Tèmi á hù, á ká, á padà wọnú awọ, ibẹ̀ á wá wú bí oówo kékeré. N ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, n ó fi í sẹ́nu iná, n ó jókòó síwájú dígí, n ó máa wa awọ ara mi títí ojú dúdú tíntín kan á fi yọ. N ó wá fà á. Irun náà á gùn ju bí mo ṣe rò lọ, ó ti ká jọ sínú ibẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má bi mí bí inú mi ṣe máa ń dùn tó nígbà tó bá jáde. Ṣùgbọ́n awọ dúdú kì í gbàgbé. Gbogbo ibi tí mo wa ló di àpá dúdú. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, àpá ti hàn ju irun lọ, àtíkè tí mo ń kùn sì ti di ti àpá.

Irọ́ ni wọ́n pa fún mi. Wọn ò mọ̀ pé irọ́ ni, àwọn náà gbọ́ ọ ni, àmọ́ irọ́ ni. Abẹ ò dé gbòǹgbò irun. Irun tó ti yọ sórí awọ kò ní ẹ̀mí, kò sí bí a ṣe lè gé e tí gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀ á fi mọ̀. Irun tí a kò tíì gé rí máa ń tín-ín-rín lórí bí ẹnu abẹ́rẹ́. Tí abẹ bá gé e, orí ẹ̀ á di pẹrẹsẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń gún ọwọ́ nígbà tó bá tún ń yọ. Mildred Trotter, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ní Amẹ́ríkà, ti tẹ ìwádìí jáde lórí ẹ̀ ní 1928: fífá kì í mú irun nípọn, kì í sì í mú un yára hù. Ní 1928, wọn ò tíì bí ìyá tó bí mi.

Mo sì mọ ohun tó jẹ́ kí irọ́ náà pẹ́ láyé. Ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń mú abẹ náà ni irun yẹn fúnra ẹ̀ ń gbilẹ̀. Hòmóònù ló ń sọ irun wẹ́wẹ́ di irun líle díẹ̀díẹ̀, à báà fá a, à báà fi í sílẹ̀. Abẹ ló kàn bá a lẹ́nu ẹ̀, abẹ ló wá jẹ̀bi.

Nínú gbogbo àwọn olùbánidámọ̀ràn yìí, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó bi mí pé, "Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́?" Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni tèmi ń wá lọ́dún. Mo tiẹ̀ ń yọ̀ sí i, mo ní ara ń sinmi. Nígbà tí mo wá lọ sílé ìwòsàn nítorí irun náà, dókítà tí mo bá ò gbójú sókè kúrò lórí ìwé tó ń kọ. Ó ní ọ̀rọ̀ oge nìyẹn, kì í ṣe àìsàn, kí n lọ wá ìpara. Mo padà sílé, ojú tì mí pé mo fi àkókò oníṣẹ́ ṣòfò. Ọdún mẹ́ta míì tún kọjá lọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí n tó bá dókítà kejì pàdé, obìnrin àgbà kan. Ó ní kí n nu àtíkè ojú mi kúrò. Ó fa iná orí tábìlì ẹ̀ sún mọ́ mi. Ó wá dáwọ́ dúró, ó ní, "Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?" Ẹkún bọ́ lójú mi níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé àgbọ̀n yìí kiri, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa tọrọ àyè.

Ó yẹ ibi mẹ́sàn-án wò lára mi, láti orí ètè dé itan, ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4. Ó ní ìlànà tí àwọn olùwádìí méjì, Ferriman àti Gallwey, bẹ̀rẹ̀ ní 1961 ni. Ó béèrè nǹkan oṣù mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, kí wọ́n sì ya àwòrán inú mi. PCOS ni wọ́n bá, àìsàn hòmóònù tó ń da nǹkan oṣù àti ilé ẹyin rú. Ó là á yé mi pé gbogbo obìnrin ló ní hòmóònù tí wọ́n ń pè ní ti ọkùnrin, ilé ẹyin ń ṣe é, ẹ̀yà kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín náà ń ṣe é, tèmi ló kàn pọ̀ jù. Nínú 100 obìnrin tó ṣì lè bímọ, àwọn bíi 10 sí 13 ló ní i, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, ó sì tó 70 nínú 100 àwọn tó ní i tí wọn ò mọ̀. Kì í jẹ́ kí àwọn kan tètè lóyún. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún ìtọ̀ ṣúgà. Ohun tó ń ṣe mí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, wọ́n ń bá mi jiyàn lórí abẹ.

Gbogbo ẹni tó nírun lágbọ̀n kọ́ ló ní PCOS o. Ẹ̀jẹ̀ àwọn míì dáa, gbòǹgbò irun wọn ló kàn ń gba ìwọ̀nba hòmóònù tí wọ́n ní bíi pé ó pọ̀. Àwọn míì, ìgbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé lójijì ló dé, tó ń pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí ohùn náà tún ń ki bí ohùn ọkùnrin, arábìnrin mi, má ṣe dúró wo dígí, kókó lè máa hù nínú ilé ẹyin tàbí lórí kíndìnrín.

Ẹ má sì kọ "lọ ṣe lẹ́ésà" sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Dúdú inú irun ni lẹ́ésà, iná tí wọ́n fi ń jó gbòǹgbò irun, ń wá. Tí awọ náà bá dúdú, tí wọn ò sì lo ẹ̀rọ tó yẹ, awọ ni wọ́n máa jó. Nd:YAG, irú ẹ̀rọ lẹ́ésà tó yẹ awọ dúdú, ni ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín kí ẹ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni. Lẹ́ésà kò sì rí irun funfun rárá. Èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ oníná ṣe, tí wọ́n ń ki bọ gbòǹgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbà pé ó ń mú irun lọ pátápátá. Dókítà ojú kan, Charles Michel, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1875 fún irun ìpéǹpéjú tó ń hù sínú ojú, àmọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni, ó gba sùúrù. Oògùn tí mo ń lò tó oṣù mẹ́fà kí n tó rí ìyàtọ̀, ẹni tó bá fẹ́ lóyún ò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ìyókù, abẹ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárọ̀, omi gbígbóná, abẹ tuntun. Àwọn àpá mi ti ń parẹ́.

Àwọn míì á ní kí n fi í sílẹ̀ bíi ti Harnaam Kaur, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìwé Guinness World Records kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé òun lọ́jọ́ orí ẹ̀ kéré jù nínú àwọn obìnrin tó ní irùngbọ̀n kíkún. PCOS ló ń ṣe òun náà. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Ìgboyà tirẹ̀ ni, ẹ má fi gbà mí lójú.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí dé ibí lálẹ́ Ẹtì, mo fẹ́ fi síta. Èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ Sátidé ló dá mi dúró.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ mi fún ìsinmi, ọmọ ọdún 15. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, mo ń ya irun fún un. Ó gbórí sókè kó lè sọ nǹkan kan fún mi nípa ọ̀rẹ́ ẹ̀, oòrùn fèrèsé bá bọ́ sí i lágbọ̀n. Mo rí mẹ́ta. Mo rí ibi pupa kan tó ti fi nǹkan wa, tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí. Òòyà dúró lọ́wọ́ mi. Ó mọ ibi tí mo ń wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá mọ́ ọn lẹ́nu, ó rọra gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi gbá àgbọ̀n mú bí ẹni tó ń ronú.

Mi ò sọ nǹkan kan. Tí mo bá lanu, èmi náà ti di obìnrin inú fọ́tò yẹn. Tí mi ò bá lanu, mo ti dà bí gbogbo àwọn tó mọ̀ tí wọ́n jẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ wa ara mi fún ọdún 11. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti ṣe tán?" Mo ní ó ku díẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ìyá ẹ̀ ń bọ̀ wá mú un.

Ẹ̀yin tí ẹnìkan ti bá sọ ọ́ rí tí kò dùn yín, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹni náà kọ́kọ́ sọ?