Atalẹ̀ pupa kò lè fa omi orúnkún tó wú

Ẹni tó bá gba Òkè-Fìà kọjá tàbí tó dé Ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo láàárọ̀ kò ní ṣàì gbọ́ ọ: "Atalẹ̀ pupa ṣíbí kan nínú omi gbígbóná, làkúrègbé parí! Orúnkún tó wú á sọ̀!" Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń gbà sínú fóònù, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá àgbà pé kí wọ́n da oògùn tí dókítà kọ fún wọn nù. Ó ti sú ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Curcumin ni èròjà tí wọ́n gbójú lé nínú atalẹ̀ pupa (turmeric), òun náà ló ń fún un láwọ̀. Bí ẹ bá wọn 100 giramu ìyẹ̀fun rẹ̀, curcumin tó wà níbẹ̀ jẹ́ bíi giramu 3. Ṣíbí ìmutíì kan gba bíi giramu 3 ìyẹ̀fun, ìyẹn ni pé curcumin inú rẹ̀ jẹ́ bíi mílígíráàmù 90. Nínú ìwádìí kan lórí ìrora orúnkún tó jáde láti Thailand ní 2014, mílígíráàmù 1500 tí wọ́n ti yọ jáde sínú kápúsù ni àwọn aláìsàn ń lò lójúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyẹn nínú ìyẹ̀fun ọjà á lá ṣíbí 16 tàbí 17 kí ilẹ̀ tó ṣú. Ikùn wo ló fẹ́ gbà á?

Ká tilẹ̀ ní ẹnìkan lá a. Curcumin kì í yòrò nínú omi, inú ọ̀rá ló ti ń yòrò. Ọmọ Òṣogbo ìlú aró ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí omi pàwọ̀ dà, ọ̀tọ̀ ni kí aró mú aṣọ. Ẹ gbé ife náà kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó rí bí ìyẹ̀fun náà ṣe rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Díẹ̀ tó bá sì gba ìfun wọlé, ẹ̀dọ̀ á yí i padà kíákíá, ara á dà á nù. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe kápúsù fi ń pò ó mọ́ piperine, ohun tó ń mú ata dúdú ta, tí iyèré tiwa náà ní. Ìwádìí kan ní 1998 fi hàn pé mílígíráàmù 20 piperine sọ curcumin tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ di nǹkan bí ìlọ́po 20. Mo ń bọ̀ wá sórí wàhálà tí ìyẹn lè dá sílẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi ni ti Tasmania, ní Australia, tó jáde ní 2020. Èèyàn 70 ni wọ́n kó jọ, orúnkún ń dùn wọ́n, àwòrán sì ti fi hàn pé omi wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń lo kápúsù atalẹ̀ pupa méjì lójúmọ́, mílígíráàmù 500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù ń lo èyí tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú, fún ọ̀sẹ̀ 12. Lórí òṣùwọ̀n ìrora tó lọ láti 0 dé 100, ìrora àwọn tó lo atalẹ̀ pupa fi bíi 9 dínkù ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n wá fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo inú orúnkún wọn: wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi nínú wíwú náà. Kápúsù gidi nìyẹn o, tí wọ́n wọ̀n pé, fún oṣù mẹ́ta. Kí wá ni ti ṣíbí kan nínú omi gbígbóná?

Mo gbà pé ó lè dẹ ìrora fún àwọn kan. Nínú ti Thailand, agbára rẹ̀ kò jìnnà sí ti ibuprofen, oògùn ìrora, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fi wò ó.

Àwọn tó ń sọ pé "ó ṣiṣẹ́ fún ìyá mi," ìrora oríkèé a máa lọ, a máa bọ̀. Ọjọ́ tó bá le jù lèèyàn ń wá oògùn, ohunkóhun tó bá sì lò lọ́jọ́ náà ni yóò gba ọpẹ́ nígbà tó bá rọlẹ̀.

Yàtọ̀ síyẹn, àrùn tó pọ̀ ni wọ́n ń pè ní làkúrègbé. Ti àgbà, tí kerekere, ìyẹn egungun rírọ̀ inú orúnkún, ti gbó, yàtọ̀ sí gáòtù tó ń gbá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mú lóru. Bí ìka ọwọ́ méjèèjì bá ń wú, tí wọ́n sì ń le gan-an ju wákàtí kan lọ láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló ń jẹ oríkèé. Oṣù mélòó kan tí wọ́n bá fi mu atalẹ̀ pupa dípò oògùn ti tó kí egungun bàjẹ́. Ìbàdí tó ń dun ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè jẹ́ egungun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́. Oríkèé kan tó wú lójijì, tó gbóná, tí ibà bá a wá, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Wàhálà tí mo ní mò ń bọ̀ lórí rẹ̀ wà lára ẹ̀dọ̀. Àwọn dókítà tó ń tọpa ìpalára ẹ̀dọ̀ ní Amẹ́ríkà ti rí èèyàn 10 tí oògùn àfikún atalẹ̀ pupa ṣe báyìí láti 2011, ọ̀kan kú. Ìjọba Australia kìlọ̀ ní 2023, wọ́n ní ewu náà lè pọ̀ sí i níbi tí wọ́n bá ti fi piperine sí i. Bí funfun ojú bá pọ́n bí pupa inú ẹyin adìyẹ, tí ìtọ̀ dúdú, ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tó ní òkúta nínú òróòro kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìsọ fún dókítà. Atalẹ̀ pupa inú ọbẹ̀ kò ní wàhálà.

Ohun tó ń ran orúnkún àgbà lọ́wọ́ kò gba owó. Kílò kan tí ẹni tó sanra bá sọ̀ nù ń gbé bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ẹ fún itan mọ́ra, ẹ ka 1 dé 5, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ fún ni àwọn tó ń ju ẹsẹ̀ sókè fìrì dípò kí itan gbé e, àti àwọn tó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni iṣan fi ń le. Bí orúnkún bá dùn ju ti àná lọ, ẹ dín in kù sí ìgbà 5, ẹ má fi í sílẹ̀.