Omi igbó kì í tú inú tó há

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ láàárín àwa Yorùbá Kubwa àti Nyanya lórí WhatsApp: pé nítorí pé ara ń ṣe èròjà tó jọ ti igbó (cannabis) fúnra rẹ̀, omi igbó máa ń mú kí ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà rí i yà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ wà níbẹ̀ o: ọdún 1992 ni wọ́n rí anandamide, ọ̀kan lára èròjà náà. Ṣùgbọ́n ṣe ló ń mú kí ìrìn ìfun falẹ̀. Ó ń so mọ́ CB1, ibi tí irú èròjà bẹ́ẹ̀ ń so mọ́ lára iṣan (nerve) ìfun, acetylcholine tó ń mú ìfun sún kì yóò sì tú jáde tó. Ohun tí igbó náà ń ṣe nìyẹn. Ìgbẹ́ lè tún há sí i. Rimonabant, oògùn tó ń dí CB1, ìgbẹ́ gbuuru ló fún àwọn kan nígbà tí wọ́n ṣì ń lò ó.

Ẹ wo anandamide lórí PubMed, ìkànnì àkójọ ìwádìí ìṣègùn, tàbí kí ẹ bi apòògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí tìṣáájú.