Mo Gba Páásípọ́ọ̀tù Tuntun, Báńkì Guangzhou Ní Àwọn Ò Mọ̀ Mí Mọ́

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Guangzhou, ní Ṣáínà níbí, tó sì ti pààrọ̀ páásípọ́ọ̀tù rí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Kí ni mo ṣe? Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi tán, mo lọ gba òmíràn. Orúkọ mi náà ni, ojú mi náà ni, ọjọ́ ìbí ò yí padà, nọ́ńbà ara ìwé nìkan ló yí, ló bá di pé gbogbo ohun tí mo ní nílùú yìí dá wáí. Àkáǹtì báńkì, áàpù tí mo fi ń sanwó, líìnì fóònù, títí dórí tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, gbogbo wọn ló so mọ́ nọ́ńbà tó ti kú yẹn.

Báńkì ló kọ́kọ́ ti àkáǹtì pa, mo ń fi ìwọ̀nba owó tó ṣẹ́kù nínú áàpù gbé e, àná ni wọ́n wá ti ìyẹn náà. Mo wà lórí ìlà lọ́dọ̀ ìyá arúgbó tó ń ta changfen, oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe, nítòsí ilé mi ní Xiaobei, oníbàárà ẹ̀ ni mí tipẹ́, ó mọ̀ pé n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹyin méjì ló máa ń fọ́ sí tèmi kí n tó la ẹnu. Mo fi fóònù ka kóòdù, ó kọ̀. Mo tún un kà, ó kọ̀. Mo yọ 100 yuan, ìyá ní òun ò ní ṣéńjì, ó bi ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi, òun náà ò ní kọ́bọ̀ lára, ta ló tún ń kó owó bébà kiri ní Ṣáínà? Báńkì àpapọ̀ wọn ti kéde ẹ̀ léraléra pé ọlọ́jà kankan ò gbọdọ̀ kọ owó bébà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìkéde yẹn ò lè bá ìyá arúgbó wá ṣéńjì ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Oúnjẹ ti wà nínú ike, ó ti da ọbẹ̀ sóyà sí i, òórùn ẹ̀ ń ta sí mi nímú. Ìyá yìí ní kí n máa gbé e lọ, kí n wá san án lọ́la. Ojú gbà mí tì. Èmi tí mo lówó ní báńkì ni wọ́n fẹ́ ta oúnjẹ àárọ̀ fún láwìn! Mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ṣé ẹ wá mọ ohun tójú mi ti rí ní báńkì kó tó di àná? Mo gba nọ́ńbà, mo jókòó títí wọ́n fi pè mí. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì gba páásípọ́ọ̀tù tuntun, ó tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, ó ní ẹni yìí ò sí lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Mo gbé ti àtijọ́ fún un, ó ṣí i, ó rí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi fagi lé e, ó ní èyí ò ṣeé lò mọ́. Ẹ gbọ́ o: wọn ò mọ tuntun, wọn ò gba ti àtijọ́. Èwo ni kí n wá gbé kalẹ̀? Ó pe ọ̀gá ẹ̀. Ọ̀gá ya fọ́tò méjèèjì, ó fi ránṣẹ́ síbì kan, ó wọlé, ó jáde, ó ní kí n lọ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ aṣojú ilẹ̀ wa pé èmi kan náà ló ni ìwé méjèèjì. Fọ́tò mi wà nínú méjèèjì! Ìwé àṣẹ ìgbélùú tí àwọn ọlọ́pàá wọn fúnra wọn ṣe fún mi wà nínú tuntun, wọ́n yẹ̀ mí wò dáadáa kí wọ́n tó fún mi. Ìjọba wọn mọ̀ mí, báńkì wọn ni ò mọ̀ mí.

Mo gba lẹ́tà náà, mo gbé e dé báńkì. Ọmọbìnrin yẹn wo lẹ́tà, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní orúkọ orí líìnì fóònù mi ò bá ti báńkì mu. Orúkọ mẹ́ta ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi. Báńkì tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láìsí àlàfo, àwọn oní-fóònù fi àlàfo sí i, wọ́n wá gbé orúkọ bàbá mi sẹ́yìn, áàpù ju ti àárín nù pátápátá. Èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́ o! Òṣìṣẹ́ wọn ló tẹ̀ ẹ́, mo sì dúró síbẹ̀ tí mò ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún wọn. Mo lọ bá àwọn oní-fóònù, wọ́n ní àwọn á tún un ṣe, kí n ṣáà mú páásípọ́ọ̀tù tí mo fi ra líìnì wá, tí kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fagi lé. Mo padà sí báńkì, wọ́n ní kí n padà sọ́dọ̀ àwọn oní-fóònù. Mei banfa, mei banfa, ìyẹn ni pé kò sí ọ̀nà tá a lè gbé e gbà, ohun tó wà lẹ́nu gbogbo wọn nìyẹn, wọ́n á sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á pe nọ́ńbà tó kàn.

Ẹlòmíì á ní kí n so káàdì Visa mọ́ áàpù. Òótọ́ ni, WeChat àti Alipay, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó níbí, ti ń gba Visa àti Mastercard àlejò láti 2023, ní 2024 wọ́n tún gbé iye téèyàn lè san lẹ́ẹ̀kan kúrò ní 1,000 dọ́là sí 5,000. Ó dáa fún ẹni tó wá ṣeré láti Jámánì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Káàdì náírà tèmi ńkọ́, tó jẹ́ pé láti ìgbà tí àwọn báńkì ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn dúró lókè òkun lópin 2022 ni ò ti ṣiṣẹ́ níbí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn báńkì kan ti ṣí tiwọn padà ní 2025? Àlejò tó ń bọ̀ wá wòran ni wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe fún. Àwa tá à ń gbé ibí, tá à ń san owó orí, kò sẹ́ni tó rántí wa.

Ṣùgbọ́n tó bá di ká wá jẹ́jọ́, wọ́n á rántí! Kó wọ ilé tuntun, wákàtí 24 lo ní láti fi lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tó o bá pẹ́, owó ìtanràn lè tó 2,000 yuan. Ohun tó wà lórí ìwé ìgbélùú yí padà, ọjọ́ 10 péré ni òfin fún ẹ. Ó dáa, mo ṣe gbogbo ẹ̀, mi ò pẹ́. Kí ló dé tí ibi tí mo lọ sọ fún ò lè sọ fún báńkì? Ìlú tí kámẹ́rà wà ní gbogbo oríta, tó mọ ojú mi níbikíbi tí mo bá gbà!

Iṣẹ́ mi náà ti dúró: ẹni tó ń rán báàgì fún mi ní àdúgbò Baiyun ò fọwọ́ kan awọ láìgba owó àsansílẹ̀, oníbàárà mi ní Balógun sì ń pè lójoojúmọ́, ó rò pé mo ti ná owó òun. Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé, kò gbà mí gbọ́, ta ló sì máa gbà á gbọ́? Àwa tá a wà níbí ní April 2020, lásìkò kòrónà, nígbà tí wọ́n ń lé ọmọ Áfíríkà jáde nílé àti ní hòtẹ́ẹ̀lì, tí ẹni tó ti sanwó ilé ń sùn síta, tí ìwé kan ò bá ti pé lọ́wọ́ wa báyìí, oorun ò lè kun ojú wa. Mi ò sùn lánàá.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo fẹ́, tí kò ní bá páásípọ́ọ̀tù kú. Ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe, wọ́n ti ṣe é fún àwọn àlejò díẹ̀ tí wọ́n fún ní káàdì ìgbélùú títí láé, nọ́ńbà 18 ló wà lórí ẹ̀ bíi ti ọmọ onílùú. Kí wọ́n ṣe é fún àwa yòókù. Kí wọ́n ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.