Makoko: Ẹ Gbé Ètò Ọdún 2014 Jáde

Nítorí wáyà iná alágbára tó gba orí ọ̀sà kọjá ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní òun ṣe wó ilé àwọn èèyàn ní Makoko, àdúgbò tó wà lórí ọ̀sà Èkó. A kò bá wọn jiyàn lórí wáyà. Ẹni tó tẹ́ ẹní sùn lábẹ́ rẹ̀ wà nínú ewu, kò sì yẹ kí ìjọba kankan fojú fo irú ewu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ní àwọn awólé kò dúró níbi ààlà tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, pé wọ́n wó kọjá rẹ̀ dáadáa. Bí èyí kì í bá ṣe òótọ́, kí ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ètò ìlú tẹ máàpù síta, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ wíwọ̀n àti ibi tí wọ́n wọ̀n ọ́n dé han gbogbo ará ìlú.

Ọ̀rọ̀ wa gan-an kọjá ti wáyà: a fẹ́ kí ìjọba gbé ètò àtúnṣe tí àwọn ará Makoko fún un ní 2014 jáde. A ti kọ ọ́ lójú ewé yìí léraléra: àwọn tó ń gbé orí omi ní Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé sórí omi, iṣẹ́ ìjọba sì ni láti bá wọn jókòó kí ilé náà lè dára sí i, kó sì ní ààbò. Ẹ̀rí wà pé ó ṣeé ṣe, Makoko yìí kan náà ló sì ti jáde.

Nígbà tí Kúnlé Adéyẹmí, tó kàwé jáde ní Yunifásítì Èkó, tó sì ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Rem Koolhaas, gbajúmọ̀ ayàwòrán-ilé ní Netherlands, dá ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé NLÉ sílẹ̀ ní ọdún 2010, kì í ṣe ilé olówó ni wọ́n fi gba orúkọ. Makoko ni wọ́n wá. Wọ́n wo bí àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ ṣe ń ri òpó igi mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà, àwọn ará àdúgbò sì bá wọn lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà. Owó UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àti ti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká wà níbẹ̀. Ohun tó jáde ní ọdún 2013 ni ilé-ìwé alájà mẹ́ta tó léfòó lórí dúrọ́ọ̀mù oníke bulúù 256. Igi àti ọparun ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó ga tó mítà 10, ìdí rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ ṣóńṣó, kó má baà dojú dé. Bí ọ̀sà bá kún, ilé á bá a gòkè. Bí omi bá fà, á bá a sọ̀ kalẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2016 wọ́n kọ́ irú rẹ̀ sí Venice ní Ítálì, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Fàdákà níbi àfihàn iṣẹ́ ayàwòrán-ilé tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní 2018 ó dé Bruges ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì dé Chengdu ní Ṣáínà. Ní 2021, mẹ́ta irú rẹ̀ di ilé orin lójú omi Mindelo, ní Cape Verde. Wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n lè gé igi rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó wá tò ó pọ̀ níbi tí yóò dúró sí. Omi orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló ti gba ilé tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò lọ́dọ̀ wa. Makoko ńkọ́?

Ti Makoko wó ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn òjò ńlá. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. NLÉ ní wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ láti oṣù Kẹta, pé wọ́n ti ń múra láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. A gbọ́. Síbẹ̀, a kò ní yọ wọ́n sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé onígi tí ọmọdé ń jókòó sínú rẹ̀, tí omi ń jẹ nísàlẹ̀, tí ìjì ń fẹ́ lókè, gbọ́dọ̀ ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ ìdè àti dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ wò lóṣooṣù, kí owó ìtọ́jú sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó bá kọ́ ilé-ìwé fún tálákà láìfi owó ìtọ́jú sílẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ìjọba Èkó ńkọ́? Wọ́n ti pe ilé-ìwé náà ní ilé tí kò bófin mu. Ó dára, kí ni òfin ní kí wọ́n ṣe? Irú pulánì wo ni ará orí omi lè gbé lọ sí Alausa tí wọ́n á fọwọ́ sí? Ọ́fíìsì wo ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹnjiníà wo ni wọ́n rán lọ láti wo òpó ilé Makoko, kó ní ẹ fi igi kún un níbí, ẹ fi àyè sílẹ̀ lọ́hùn-ún kí ọkọ̀ panápaná lè kọjá? A béèrè lábẹ́ gómìnà kan, a béèrè lábẹ́ òmíràn. Ó ti sú wa! Ẹ rí owó rán ẹ̀rọ tó ń wólé, ẹ kò rí owó rán ẹni tó máa sọ bí ilé ṣe lè dúró. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé àwọn ará Makoko kò mú àbá wá. Lẹ́yìn ìwólé oṣù Keje ọdún 2012, èyí tó mú ẹ̀mí lọ, àwọn àti SERAC, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ètò ìlú jókòó, wọ́n ṣe ètò àtúnṣe fún Makoko àti Ìwáyà, àdúgbò tó múlé tì í, wọ́n sì gbé e fún ìjọba ní 2014. Àwọn tí ẹ ń pè ní agbélé-láìgbàṣẹ ló fọwọ́ ara wọn ṣe ètò ìlú, tí wọ́n gbé e wá bá yín. Èsì wo ni ẹ fún wọn?

Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n nídìí. Àwọn tí ìjọba lé kúrò ní Maroko, àdúgbò tálákà kan ní Èkó, ní oṣù Keje ọdún 1990 kọ́ ló ń gbé ilé ńláńlá tó wà níbẹ̀ lónìí. Ní ti Otodo-Gbame, àdúgbò etí omi mìíràn ní Èkó, Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó dá a ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 pé lílé tí wọ́n lé àwọn èèyàn náà láìpèsè ibi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí jẹ́ ìwà ìkà tó tẹ ẹ̀tọ́ wọn mọ́lẹ̀. Ìdájọ́ náà wà lákọsílẹ̀. Ìjọba kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Nítorí náà, kí ìwólé dáwọ́ dúró. Kí kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ètò ìlú gbé ètò ọdún 2014 jáde ní gbangba, kó sọ èyí tí ìjọba gbà nínú rẹ̀ àti èyí tí kò gbà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Kí wọ́n pe NLÉ, kí wọ́n ní kó mú àlàyé àwọn ẹnjiníà wá lórí ohun tó wó ilé àkọ́kọ́, níṣojú àwọn baálẹ̀. Kí wọ́n wá kọ́ ilé-ìwé kan sórí omi náà, ọ̀kan péré láti fi bẹ̀rẹ̀, tó ní ìwé àṣẹ Alausa, tó ní owó ìtọ́jú nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, fún àwọn ọmọ tí wọ́n wó ilé bàbá wọn. Igi wà ní Èkó, káfíńtà wà ní Makoko. Kí ìjọba dá ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dá a kí òjò tó dé.