Nọ́ńbà NAFDAC kò ní kí oògùn máa wo àtọ̀gbẹ

Ẹni tó bá ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Máìlì 12 láàárọ̀ yóò ti pàdé wọn: ẹni tó gbàdúrà fún èrò ọkọ̀ tán, tó yọ ike àgbo jáde, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àrùn tó ń wò, láti orí jẹ̀díjẹ̀dí títí dé orí àtọ̀gbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣiyèméjì, ara ike ló máa nàka sí: “Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC.”

Ohun tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ọjà Sábó náà nìyẹn. Wọ́n ra ike mẹ́ta, wọ́n sì pa oògùn tí dókítà kọ fún wọn tì, nítorí ẹni tó tà á ní a kì í lo méjèèjì pọ̀. Kò pé oṣù méjì tí egbò kékeré kan fi gbé wọn dé ọsibítù, ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n sì gé. Nígbà tí mo yẹ ike náà wò, nọ́ńbà rẹ̀ parí sí lẹ́tà L, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti fi Gẹ̀ẹ́sì tín-ín-rín kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì gbé ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe yẹ̀ wò.

Ojúlówó ọ̀rọ̀ nìyẹn. Lẹ́tà L túmọ̀ sí pé orúkọ àgbo náà wà nínú ìwé NAFDAC. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń woni sàn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili darí àjọ náà láti 2001 sí 2008, wọ́n kọ́ wa láti máa wá nọ́ńbà kí ayédèrú oògùn má baà pa wá. Ẹ̀kọ́ náà dára, àmọ́ àwọn tó ń tajà kọ́ ọ jù wá lọ.

Tíì tó ń fa ikùn wọlé tún burú díẹ̀ sí i, nítorí oògùn òyìnbó lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. Sibutramine ni oògùn tí wọ́n fi ń dín sísanra kù tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù mú kúrò lórí igbá ní ọdún 2010 nítorí ewu tó ń ṣe fún ọkàn, síbẹ̀ àjọ FDA, tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti bá a léraléra nínú ọjà tí wọ́n kọ “ewé lásán” sí lára.

N kò bá àgbo jà o; òun ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́mọdé. Ẹnu tó ń ta á ni mo ń bá jà. Òfin Nàìjíríà ti ka á léèwọ̀ tipẹ́ kí a máa polówó fún gbogbo ayé pé oògùn kan ń wo jẹjẹrẹ tàbí àtọ̀gbẹ, nítorí náà òfin kọ́ ló kù. Ó wù mí kí àwọn òṣìṣẹ́ NAFDAC tó ń já wọ ilé ìkẹ́rù máa wọ ọkọ̀ wa láàárọ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì jókòó ti rédíò láti gbọ́ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ ara ike ní Yorùbá, ní lẹ́tà gàdàgbà, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ka Bíbélì Yorùbá lójoojúmọ́ láìlo awò ojú.