Plọ́ọ̀gì Mẹ́fà, Ẹ̀yìn Ṣófo

Ẹ̀yin èèyàn mi l'Ábẹ́òkúta, ẹ kú ariwo ọkọ̀ o. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú sí mi: ìgbà wo ni gbogbo ọkùnrin ìlú yìí di àgbẹ̀? Torí àlejò tó bá dé Pánṣẹ́kẹ́ lọ́sàn-án Sátidé á rò pé iṣu la fẹ́ kó lọ́jà ni, píkọ́ọ̀pù níwájú, píkọ́ọ̀pù lẹ́yìn, kì í sì í ṣe tuntun o, tòkúnbọ̀ tí òyìnbó kan ti fi kó igi kó ajá ní Amẹ́ríkà títí tó fi sú u, tó wá gba orí omi dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n kùn ún ní dúdú tó ń dán bí ojú abẹ. Tacoma, Frontier, Ranger ayé àtijọ́. Kó ṣáà ga, kó ṣáà máa bú, kó sì jẹ́ plọ́ọ̀gì mẹ́fà, èyí tí wọ́n ń pè ní V6. Plọ́ọ̀gì mẹ́rin ò kí ń ṣe ọkọ̀ mọ́ lójú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Hilux tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń lé wa kúrò lójú títì ní Òkè-Mosàn, níbi ọ́fíìsì gómìnà gan-an, líta 2.7 oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ló pọ̀ nínú wọn, a ṣì ń yà fún wọn.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń dé òde àríyá. Ẹni tó gbé Corolla wá á kàn páàkì, á bọ́ọ́lẹ̀, á lọ jẹun. Oní-píkọ́ọ̀pù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Á kọ́kọ́ yí i po lẹ́ẹ̀mejì níwájú gbọ̀ngàn ní Kútọ̀, á tẹ̀ ẹ́ kó bú kí alága ìdúró yíjú, á wá páàkì kí imú ẹ̀ kọjú sí ìdí orin, á rọra máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọba tó ń bọ́ lẹ́ṣin, agbádá àdìrẹ Ìtòkú á sì há sẹ́nu ilẹ̀kùn (mo ti rí èyí lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rẹ́rìn-ín, mo kàn wolẹ̀ ni). Ẹ̀yìn ọkọ̀ wá ńkọ́? Kúlà kan, àga rọ́bà kan, àti omi òjò ìjẹta.

Ọ̀kan nínú wọn wà ládùúgbò wa ní Adátán, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bọ̀dá Tákómà. Lọ́jọ́ kan, ìyá eléláfún tó wà nítòsí ilé wa ra àpò láfún mẹ́rin ní Lafẹ́nwá, ó rí Bọ̀dá tó ń bọ̀, ó juwọ́, inú ẹ̀ dùn.

"Ọkọ mi, Ọlọ́run ló rán yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé ẹrù yìí sẹ́yìn, ọ̀nà kan náà la jọ ń lọ."

Bọ̀dá wo àpò, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀. "Màámi, ẹ má bínú, láfún á kù sí i lára, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni."

"Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà ni láfún ò gbọdọ̀ kù sí? Kí wá lẹ ń fi í ṣe?"

"Pákéjìn ni, Màámi."

Ìyá yẹn wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ló ń ru igbá ẹ̀ délé. Tiyín tún yàtọ̀, ẹ ò jẹ, ẹ ò sì rù."

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò, kò gba ọ̀jọ̀gbọ́n. Tacoma tí wọ́n ṣe láti 2005 dé 2015, èyí tó ní ẹ́ńjìnì líta 4.0 tó sì ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́ ara ẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bíi máìlì 16 ló ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan nínú ìlú, tó bá bọ́ sí express á tó bí 20. Gálọ́ọ̀nù tiwọn ò sì tó líta mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá yí i sí tiwa, líta kan ò gbé e dé kìlómítà méje nínú ìlú, lójú títì gbọọrọ ló tó ń sún mọ́ mẹ́jọ ààbọ̀. Ìyẹn nígbà tó wà ní tuntun o, lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe lásìkò, lójú ọ̀nà tí kò ní kòtò. Ẹ wá gbé e wá sí ìlú olókùúta, kó máa gun òkè kó máa sọ̀, kó dúró wákàtí kan nínú gosiló Ṣàngó-Ọ̀tà pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tó ń jó lásán, ẹ wá sọ fún mi iye tó kù.

Táǹkì ẹ̀ gba bíi líta 80. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ṣírò líta kan kó lè rọrùn, ₦80,000 nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 ₦70,000 ni, ti ìpínlẹ̀ Ògùn wa ₦77,000. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ yẹn lè dúró ní fílìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó gbé owó oṣù odidi òṣìṣẹ́ mì, kó tún ya ẹnu pé ₦3,000 ṣì kù. Kí Tinubu tó dúró lórí pèpéle lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tó ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, líta kan ò tó igba náírà, kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí ó ti di bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹni tó ti ra V6 kó tó dọjọ́ yẹn, mo bá a kẹ́dùn. Ẹni tó rà á lẹ́yìn ẹ̀ ni mò ń bá wí.

Bọ̀dá Tákómà wà lára àwọn tó rà á lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú òmùgọ̀ wò ó o, ó ní ọgbọ́n tó fi ń ṣọ́ epo lò. Kì í tan AC, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ gíláàsì kalẹ̀, torí ẹni tó bá sọ gíláàsì kalẹ̀ ti jẹ́ kí ayé mọ̀ pé kò tan AC, ó kúkú yá a lára kó máa làágùn nínú gíláàsì dúdú bí mọ́ínmọ́ín inú ewé. Tó bá dé fílìn, á ké sí ọmọ tó ń ta epo pé "kún un!", ohùn rara, kí gbogbo ìlà gbọ́, á wá na ọrùn síta bí ẹni tó fẹ́ kí i, á sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i létí pé "faifu taosàn ni o". Iná pupa tó ń kìlọ̀ pé epo ti fẹ́ tán, ó ti di iná ilé fún un, mi ò rí i kó kú rí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé epo inú táǹkì yẹn ló ń tu páǹpù lára kó má gbóná jù, ẹni tó bá ń fi líta márùn-ún rìn lójoojúmọ́, páǹpù ló ń dín díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti fíríì. Gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta yìí, tó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó di dandan kó fi jíà sí fíríì, á ní òun ń jẹ̀gbádùn òkè lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ ti ta? Ọkọ̀ oní-ínjẹ́tọ̀, tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún, kì í ṣe ti kábúréétọ̀ ayé bàbá wa. Tó o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí jíà ṣì wọlé, kọ̀ǹpútà ẹ̀ á ti epo pa, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni á máa yí ẹ́ńjìnì. Tó o bá wá fi sí fíríì, ó gbọ́dọ̀ mu epo kó má bàa kú. Ó ń fi owó sílẹ̀ ó ń jó bíréèkì lé e lórí, ó tún ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin yẹn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mí kanlẹ̀ bí oníṣègùn.

"Ọ̀gá, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. V6 ni. Bó ṣe ń mu ún nìyẹn."

Mo ní, "Thermostat ẹ̀ ńkọ́?"

"A ti yọ ọ́ tipẹ́. Ilẹ̀ wa gbóná, kò nílò ẹ̀."

Ẹ ò rí nǹkan. Thermostat yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tètè gbóná dé ibi tó yẹ kó gbóná dé. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ó lè máa rìn ní tútù, kọ̀ǹpútà á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á máa da epo sí i bí ẹni tó ń fún ọmọ tuntun lọ́mú. Kátá, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín lábẹ́ ọkọ̀, ńkọ́? Wọ́n ti gé e, kó lè dún dáadáa. Ẹni tó gé e mọ ohun tó ń ṣe, platinum wà nínú ẹ̀, owó ni, Bọ̀dá tiwa ló rò pé irin lásán ni, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé kò gbowó iṣẹ́. Oxygen sensor, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí epo ṣe ń jó, ti sùn. Iná check engine wá tàn, wọ́n fi táàpù dúdú lẹ̀ ẹ́, ara ọkọ̀ sì yá. Plọ́ọ̀gì mẹ́fà tó ń tìtorí ẹ̀ yangàn, mẹ́ta ló pààrọ̀, ó ní mẹ́ta tó kù ṣì ń gbìyànjú, ó di oṣù tó ń bọ̀. Tááyà tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ ló tún wá fi gbé e sókè, pẹ̀lú irin gbàgbà lórí rúùfù tí kò gbé nǹkan kan yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́.

Mi ò bá gbogbo wọn wí o. Àwọn tó ń fi tiwọn kó ẹ̀gẹ́ láti Ọ̀dẹ̀dá, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, àwọn tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ kiri, ẹ kúuṣẹ́. Mi ò sì ní purọ́, mo ti jókòó nínú ti Bọ̀dá rí, ìró ẹ̀ dùn, òkè tí Corolla mi ń gùn bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó kàn rìn kọjá lórí ẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnì yẹn dáa. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn, kì í kú bọ̀rọ̀. Ká ní ó máa ń kú ni, olówó ẹ̀ ì bá ti sinmi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, mo wọ kòrópè tó ń lọ sí Ṣàpọ́n. Ẹ mọ kòrópè, Suzuki kékeré yẹn, 660cc, plọ́ọ̀gì mẹ́ta péré. A ti kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ta ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Bọ̀dá Tákómà, agbádá ti ká mọ́ra, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń fì lọ́mọ ìka ẹ̀ kí gbogbo wa lè rí i. Ká tó gbéra, ìyá eléláfún dé pẹ̀lú àpò méjì. Dírẹ́bà ti ọ̀kan bọ ẹ̀yìn, ìkejì ò wọlé mọ́.

"Ẹ̀yin bọ̀dá tẹ́ ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání yẹn, ẹ bá màmá gbé èyí lẹ́sẹ̀."

Ó gbé e lẹ́sẹ̀. Ìyá ò sọ nǹkan kan, ojú títì ló ń wò. A gùn ún lọ, a sọ̀, láfún ń kù sí agbádá dúdú yẹn díẹ̀díẹ̀, nígbà tá a wá débi òkè kan tí kòrópè ń mí hẹlẹhẹlẹ, Bọ̀dá gbọn ìyẹ̀fun lápá, ó ní:

"Dírẹ́bà, ọkọ̀ yín yìí ò ní páwà rárá o."

Dírẹ́bà wò ó nínú gíláàsì. "Bọ̀dá, ẹ mú owó yín wá."